Sẹ́ńsọ̀ eré ₦48,000 àti rọ́bà bíríkìlà tó dán an wò

Ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí mo fọwọ́ ara mi kàn ni mo fi ń ya àwòrán oko kòkó lápá Ìdànrè. Kò gbé èèyàn o, kámẹ́rà ló ń gbé. Láìpẹ́ yìí ni mo ra sẹ́ńsọ̀ eré, ohun tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ bó ṣe ń sáré tó nínú afẹ́fẹ́, fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì: pátákó tí kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, rọ́bà tín-ín-rín méjì, àti ọ̀pá pitot tó ń yọrí síwájú gba afẹ́fẹ́ sẹ́nu. Ọjọ́ kẹfà ló dé Àkúrẹ́, kò sì fọ́.

Ọjọ́ kejì tí mo gbé e sókè ló já bọ́. Kọ̀ǹpútà ní ó ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan, eré tó tó gbé e dúró dáadáa, àfi bí ìyẹ́ kan ṣe ṣàdédé rọ̀, ló bá forí sọlẹ̀ sínú oko ẹ̀gẹ́. Bàbá olóko wò ó títí: “Ọmọ mi, ṣé ẹyẹ rẹ ti kú ni?”

Mo ti fẹ́ bú ẹni tó tà á. Mo ní kí n kọ́kọ́ dán an wò ná. Ní Ọjà Ọba, mo ra mítà méjì rọ́bà tó mọ́ gaara tí àwọn bíríkìlà ń rọ omi sí láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ dọ́gba, ₦1,600. Mo tẹ̀ ẹ́ bíi lẹ́tà U sára pákó, mo lẹ rúlà mọ́ ọn, mo rọ zobo sí i kí ojú lè rí i (ẹ má fi ṣúgà sí i, ó ń wúwo, èèrà náà á sì gbọ́). Bí ojú omi méjèèjì bá fi mìlímítà 25 ju ara wọn lọ, eré 72 nìyẹn. Tó bá jẹ́ 100, ó di 144. Eré di ìlọ́po méjì, omi di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́: Henri Pitot ará Faransé tó ni ọ̀pá náà, omi odò Seine ló fi í wọn ní 1732.

Mo fi ìsopọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta so ó mọ́ pitot àti rọ́bà kan tí mo dí nídìí, mo wá ń ká rọ́bà yẹn mọ́ báírò díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ o, ẹ ó ba sẹ́ńsọ̀ jẹ́. Ní mìlímítà 25, sẹ́ńsọ̀ pè é ní 71. Ní 100, 143. Mo fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kò lọ sílẹ̀, kò jò. Sẹ́ńsọ̀ ò purọ́.

Ihò kejì ló purọ́. Afẹ́fẹ́ méjì ni sẹ́ńsọ̀ fi ń wéra: èyí tó ń kọlu pitot, àti èyí tó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ìwé inú páálí, ojú kan péré, kò sọ ibi tí a ti ń rí èyí tó dákẹ́, mo bá fi rọ́bà rẹ̀ sínú ikùn ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ mo ti lu ihò sídìí ìrù kí bátìrì má baà gbóná, afẹ́fẹ́ ìta sì ń fa ti inú jáde níbẹ̀. Ìyàtọ̀ wá pọ̀, nọ́ńbà ga ju eré tòótọ́ lọ: ọkọ̀ kò sáré tó bí kọ̀ǹpútà ṣe rò, ló fi já bọ́.

Mo tún un kàn, mo gbé e sókè ní kùtùkùtù (kì í ṣe lápá Ọba-Ilé o, pápákọ̀ òfuurufú wà níbẹ̀). Ó sá lọ, ó sá bọ̀, ó gba ọ̀tún, ó gba òsì. Mo ro eré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí GPS sọ pọ̀, mo pín in sí mẹ́rin kí afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ má baà tàn mí, ó jẹ́ 75. Ilẹ̀ wa ga ju òkun lọ ní ohun tó ju mítà 300, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, nítorí náà nǹkan bíi 72 ló yẹ kí sẹ́ńsọ̀ pè é. 84 ló pè é!

Mo lu ihò abẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, jìnnà sí ìyẹ́ àti fáànù, mo sì so wọ́n pọ̀. Ní eré kan náà, 84 di 74. Mo lẹ ègé téèpù sẹ́yìn ihò kọ̀ọ̀kan, ó di 73. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ rà á. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ìwé inú páálí ló jẹ ìkarùn-ún. Rọ́bà bíríkìlà gba márùn-ún pé, àmọ́ zobo ti kùn ún, mi ò rí bíríkìlà tó máa gbà á lọ́wọ́ mi.