Oṣù mẹ́jọ rèé tí mo ti ń fi ẹ̀rọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru nílé

Irú èyí tó ń lo bátìrì ni, tí aṣọ rẹ̀ ń wà lápá lókè ìgúnpá. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, á fẹ́ atẹ́gùn sínú aṣọ náà títí á fi fún yín lápá, á wá máa tú u díẹ̀díẹ̀. Kò ní tó ìṣẹ́jú kan tí nọ́ńbà yóò fi jáde.

Dókítà ló ní kí n rà á. Lọ́jọ́ tí wọ́n wọn tèmi lọ́dọ̀ rẹ̀, 158 lórí 96 ni wọ́n bá: ti òkè ni bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ta ògiri iṣan tó nígbà tí ọkàn bá ń tì í jáde, ti ìsàlẹ̀ ni ti ìgbà tí ọkàn bá ń sinmi. Bẹ́ẹ̀ orí ò fọ́ mi, òòyì ò kọ́ mi, mo ń sùn dáadáa. Mo ní ẹ̀rọ wọn ló ti bàjẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in ni kì í mọ nǹkan kan lára. Ṣùgbọ́n ó ní àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti rí dókítà ni tiwọn ń lọ sókè. Kí n lọ máa wọ̀n ọ́n nílé fún ọjọ́ méje, láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì nígbà kọ̀ọ̀kan, kí n má ka ti ọjọ́ kìíní kún un.

Ibi tí ẹjọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ kìíní, nọ́ńbà òkè jẹ́ 171. Àyà mi já. Mo tún un wọ̀n, 168. Mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta, 176, ẹ̀rù fúnra rẹ̀ ti wọ inú nọ́ńbà. Ó di ọjọ́ kẹrin kí n tó wo aṣọ náà dáadáa: tipátipá ló fi yí apá mi ká, bí mo bá sì tú u, ojú ibẹ̀ á pọ́n, á fa ìlà sí mi lára bí ìgbà tí wọ́n fi okùn dì mí. Mo fi téèpù wọn apá mi, sẹ̀ǹtímítà 36. Mo yẹ abẹ́ aṣọ wò, wọ́n kọ ọ́ wínníwínní síbẹ̀ pé ti apá 22 sí 32 ni. Aṣọ tó bá kéré ju apá lọ máa ń gbé nọ́ńbà ga ju bó ṣe yẹ lọ. Kí ló dé tí wọn ò kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí? Mo ra èyí tó tóbi lọ́tọ̀, nọ́ńbà sì wálẹ̀ sí 149 lórí 92. Ó ṣì ga, torí nílé, 135 lórí 85 ni ibi tí wọ́n ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n ó kéré tán òótọ́ ni.

Ẹ̀rọ yìí kì í gba ìwàǹwára. Ẹ tọ̀ kẹ́ ẹ tó jókòó. Ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀ láì gbé ọ̀kan lé èkejì, ẹ gbé apá lé tábìlì kó ṣe déédéé ọkàn, ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Lálẹ́ ọjọ́ kan ìyàwó mi bi mí ní kọ́kọ́rọ́ bó ṣe ń fún mi lápá lọ́wọ́, mo dá a lóhùn: 157. Mo dákẹ́, mo tún un wọ̀n: 146. Mo ti yá èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ọrùn ọwọ́ lò rí. Bí mo bá gbé ọwọ́ lé itan, nọ́ńbà á ga, mo dá a padà fólóhun.

Mo bi dókítà pé kí ló dé tí nọ́ńbà ò fi dúró sójú kan. Ó ní ara ni kì í sinmi. Nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn àti nínú iṣan ńlá tó ti ọkàn jáde, àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà tí wọ́n ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ta ògiri iṣan tó. Wọ́n á ránṣẹ́ sí ọpọlọ, ọpọlọ á ní kí ọkàn yára tàbí kó rọra, kí iṣan sún kì tàbí kó dẹ̀. Òun ni a kì í fi í ṣubú bí a bá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Kíndìnrín ní tirẹ̀ kì í kánjú: bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀, á tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní renin sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí yóò mú kí iṣan fún, kí ara sì di iyọ̀ àti omi mú. Ohun tó wọ̀ mí lára jù ni pé bí ẹ̀jẹ̀ bá ti ń ru tipẹ́, yóò mọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ọrùn yẹn lára, wọ́n á máa ṣọ́ nọ́ńbà tó ga bíi pé òun ló tọ́. Bí ọlọ́dẹ tó ti bá olè dọ̀rẹ́. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ògiri ọkàn ń nípọn, kíndìnrín àti ojú ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, rọpárọsẹ̀ sì lè dé lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ gbé ẹ̀rọ tiyín lọ sọ́dọ̀ dókítà kí wọ́n fi wé tiwọn. Ìyàtọ̀ 4 ni wọ́n rí lára tèmi, wọ́n ní kò burú. Ẹ̀rọ náà ń tọ́jú nọ́ńbà 60 sínú, ó sì ń fi àmì hàn bí ọkàn ò bá lù déédéé. Kò níná lójú, nítorí náà mi ò lè kà á nínú òkùnkùn. Oògùn tí mo ń lò báyìí, ọ̀nà renin yẹn gan-an ló dí. Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, tí mo bá pín in dọ́gba, 131 lórí 82 ni.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ọ̀kan tó kù wà lọ́dọ̀ aṣọ kékeré yẹn.