Láti Dresden lọ sí Bastei: ọkọ̀ ojú irin ni àbí ọkọ̀ ojú omi?
Bastei ni àwọn òkè àpáta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Elbe, nítòsí ìlú Dresden lórílẹ̀-èdè Jámánì. Ọkọ̀ ojú irin S1 ń dé Kurort Rathen, ìlú kékeré tó wà nísàlẹ̀ Bastei, láàárín nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ a máa lò ju wákàtí 3 lọ, torí ó ń lọ lòdì sí ìṣàn odò Elbe. Owó rẹ̀ náà ju ti ojú irin lọ.

Tẹ́ ẹ bá wọ ojú irin, ẹ ṣì máa sọdá odò, torí òdìkejì ibùdókọ̀ ni Bastei wà. Ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn sọdá kò lo ẹ́ńjìnnì rárá: okùn irin dì í mú, ìṣàn omi ló ń tì í. Ó dùn ún wò gan-an!

Nígbà ọ̀dá, omi a fà, ọkọ̀ ojú omi lè má lọ. Ẹni tó fẹ́ gun òkè dé afárá òkúta tó wà ní Bastei, kó wọ ojú irin láàárọ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, tó kàn fẹ́ wo ààfin Pillnitz látojú omi, ọkọ̀ ojú omi ni tirẹ̀.