Àrọ̀ ni mò ń sìn l'Adó, mo lọ wo odò ẹja l'Hawaii

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń sin àrọ̀ lẹ́yìnkùlé mi l'Adó-Èkìtì. Nígbà tí ọmọ mi tó wà ní Honolulu ní kí n yan ibi tí ó máa mú mi lọ, odò ẹja ni mo yàn. Ó rẹ́rìn-ín títí. A wọ bàálù lọ sí Kona, ní erékùṣù mìíràn ní Hawaii, a sì yà sí Kaloko-Honokōhau, ọgbà ìtàn tí ìjọba Amẹ́ríkà yà sọ́tọ̀ létí òkun lọ́dún 1978. Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa.

Ògiri Kaloko, ọ̀kan nínú àwọn odò ẹja ibẹ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Òkúta dúdú tí òkè oníná pọ̀ síta ni wọ́n fi tò ó dí ẹnu ibi tí òkun gbà ya wọlé. Kò sí sìmẹ́ńtì níbẹ̀ rárá. Òkúta há mọ́ òkúta, omi ń gba àárín wọn kọjá, ìgbì tó bá rọ́ lù ú á fọ́nká. Èmi tí mo ti ra sìmẹ́ńtì lẹ́ẹ̀mejì sórí odò tó ń sán!

Mākāhā ni wọ́n ń pe ẹnu ọ̀nà omi. Igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni, wọ́n tò ó bí igi àgò adìẹ. Láyé àtijọ́, ẹja wẹ́wẹ́ á gba àárín rẹ̀ wọlé láti òkun, á jẹun, á sanra, kò sì ní lè jáde mọ́. Bí òkun bá ń kún, tí omi tuntun ń wọlé, àwọn tó ti tóbi á lọ péjọ síbẹ̀ fúnra wọn, apẹja á kàn ki àwọ̀n bọ omi. Ẹ ò rí i pé kò sẹ́ni tó ń ra oúnjẹ ẹja níbẹ̀! Iye tí wọ́n ń ta báàgì kan l'Adó báyìí, ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ ọ́.

Odò kejì, ʻAimakapā, àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ló ni ín, òfin sì ń dáàbò bò wọ́n. Nílé, nítorí irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ta àwọ̀n bo odò mi. Ìjàpá òkun náà sùn sórí iyanrìn ní ʻAiʻōpio, létí òkun nínú ọgbà kan náà. Ẹ má sún mọ́ ọn.

Oòrùn ibẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibòji lọ́nà, òkúta dúdú náà sì ń gbóná bí agbada. Sílípáàsì ni mo wọ̀ lọ, ó já kí a tó dé ìdajì ọ̀nà. Bàtà tó le ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì gbé omi dání.

Mo ya fọ́tò ògiri náà wá fún bírikìlà mi. Ó wò ó, ó tún un wò, ó ní, "Mọ́mì, báàgì sìmẹ́ńtì mélòó ni wọ́n lò?"