Líìgì gígùn tàbí líìgì kúkúrú: èwo ló yẹ NPFL, líìgì bọ́ọ̀lù tó ga jù ní Nàìjíríà?

Ní 2022/23, líìgì kúkúrú ni: wọ́n pín ikọ̀ 20 sí ìsọ̀rí méjì. Ikọ̀ kọ̀ọ̀kan gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 18, mẹ́ta tó léwájú ní ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan sì lọ figagbága ní Oníkan, l'Ékòó. Enyimba ló gbé ife. Ní 2024/25, líìgì gígùn ni: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38. Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ ló gbà á.

Owó: nínú ti kúkúrú, ìrìn-àjò mẹ́sàn-án péré ni kí ìsọ̀rí tó parí. Ti gígùn jẹ́ 19, pẹ̀lú epo, òtẹ́ẹ̀lì àti ewu ojú ọ̀nà. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mọ́kàndínlógún náà ni wọ́n máa ta tíkẹ́ẹ̀tì nílé.

Òdodo: ibí ni ti gígùn ti borí pátápátá. Gbogbo ikọ̀ ló ń pàdé ara wọn, nílé àti lóko. Ẹni tó ṣubú ní oṣù kan ráyè dìde. Ní Oníkan, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún péré ni: bí aṣọ́lé bá fara pa, ó lè ba gbogbo iṣẹ́ ọdún jẹ́. Shooting Stars ti Ìbàdàn àti Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ ò tiẹ̀ pàdé nínú ìsọ̀rí. Ó dun àwa olólùfẹ́ gan-an!

Bí líìgì bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní, bíi ti 2023, ẹ mú kúkúrú, kí orúkọ àwọn ikọ̀ tó máa ṣojú wa lè tètè dé ọ̀dọ̀ CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án, tí owó ìrìnnà sì wà nílẹ̀, ẹ gbá 38.