Vinyl tó wú nínú ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì àtijọ́: sírìnjì, títún un lẹ̀, vinyl tuntun, àbí kíìtì?

Kí owó tó jáde lápò, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí vinyl, ìyẹn ike tó jọ awọ tí wọ́n fi bo inú ọkọ̀, ti wú, kí ẹ sì tẹ́tí. Tó bá lọ sílẹ̀ tó tún rọra wú padà, gọ́ọ̀mù nìkan ló jáwọ́. Tó bá ń dún wuruwuru bí ewé gbígbẹ, fóòmù abẹ́ rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun, tàbí kí irin abẹ́ rẹ̀ ti dógùn-ún. Tí pákó bá rì mọ́ ìka yín, omi ló ń wọlé. Ohun tí ẹ bá bá lábẹ́ àtàǹpàkò yìí ni kó sọ ohun tí ẹ máa rà. Bí ìléròrò náà ṣe tóbi tó kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì.

Ohun tó ń mú un wú

Vinyl kì í ṣe awọ ẹran. Ike PVC ni, èròjà olóròóró kan ló sì ń jẹ́ kó rọ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, èròjà yìí ń jò jáde. Èyí tó gba ojú jáde wà lára ohun tó ń bo gíláàsì iwájú láti inú bíi kùrukùru. Èyí tó gba ẹ̀yìn jáde ń wọ inú gọ́ọ̀mù, á sì sọ ọ́ di ohun tó ń fà bí ọ̀dà tí kò gbẹ. Vinyl fúnra rẹ̀ á wá súnkì, á máa fa ara rẹ̀ kúrò ní kọ̀rọ̀ àti ibi tó bá tẹ̀ kòtò. Ẹ wá fi ooru kún un: nínú ọkọ̀ tí wọ́n tì sínú oòrùn, ojú dáṣíbọ́ọ̀dù lè kọjá 70°C, ọ̀pọ̀ gọ́ọ̀mù lásán á sì ti rọ̀ kó tó débẹ̀.

Ibi tó lẹ̀ mọ́ tún ṣe kókó. Nínú Datsun 240Z, ara irin ni wọ́n lẹ vinyl oní-dáyámọ́ńdì tó bo orí gíábọ́ọ̀sì àti ilé ṣọ́kì ẹ̀yìn mọ́. Nínú MGB àti Triumph TR6, orí irin náà ni èyí tó bo òkè táyà ẹ̀yìn wà, ṣùgbọ́n pákó hardboard (pákó fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi igi lílọ̀ tẹ̀ pọ̀) ló wà lẹ́yìn vinyl ilẹ̀kùn. Irin kì í mu omi, hardboard ń mu ún. Ìyàtọ̀ yìí ló ń pinnu púpọ̀ nínú ohun tó kù.

| Ọ̀nà | Ibi tó yẹ | Ohun tó ń bà á jẹ́ |
|---|---|---|
| Sírìnjì | Ìléròrò tí kò ju 3 cm lọ, lórí hardboard | Irin, fóòmù tó ti kú |
| Ṣíṣí i kí a tún un lẹ̀ | Vinyl tó ṣì rọ̀, tí kò tíì ya | Vinyl tó ti súnkì jù |
| Vinyl tuntun | Èyí tó ti ya tàbí tó ti gan | Aṣọ tí kì í fà |
| Kíìtì (vinyl tí wọ́n ti gé sílẹ̀ fún irú ọkọ̀ kan) | Ẹni tó fẹ́ kó rí bíi tilé iṣẹ́ | Kíìtì tí kò bá ọdún ọkọ̀ mu |

Sírìnjì

Òun ló rọrùn jù, òun náà ni wọ́n sì ń ṣì lò jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fa gọ́ọ̀mù kọ́ńtáàtì (èyí tí wọ́n ń kùn sí ojú méjèèjì kí wọ́n tó lẹ̀ wọ́n pọ̀) sínú rẹ̀. Èéfín gọ́ọ̀mù yẹn kò níbi gbà jáde lábẹ́ vinyl, ló bá wọ inú ike, ó mú un wú, ó sì fi ìhunjọ sílẹ̀. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ló yẹ ibẹ̀, torí pé hardboard á fa omi rẹ̀ mu. Tó bá jẹ́ orí irin ni, omi yẹn á jókòó síbẹ̀, irin á dógùn-ún.

Tí pánẹ́ẹ̀lì bá ṣeé tú, ẹ má gún ojú rẹ̀ rárá. Ẹ dá a délẹ̀, kí ẹ lu ihò 2 mm láti ẹ̀yìn. Ẹ we téèpù mọ́ ẹnu dírìlì kó má lè wọlé ju bí pákó náà ṣe nípọn tó, tó sábà máa ń jẹ́ 3 mm. Ẹ fún gọ́ọ̀mù 1 sí 2 ml síbẹ̀, kí ẹ fi ìka tàn án káàkiri, kí ẹ wá gbé àpò yanrìn lé e fún wákàtí 24.

Ṣíṣí i kí a tún un lẹ̀

Èyí la máa gba ọ̀pọ̀ èèyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n ṣe. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun tó. Heat gun, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó gbóná jù ú lọ, yára, ṣùgbọ́n ó tètè ń jó vinyl. Ẹ dì í mú ní 15 cm sí vinyl, kí ojú rẹ̀ gbóná tó 50 sí 60°C. Tí àwòrán ara rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dán, ó ti pọ̀ jù, kò sì sí àtúnṣe. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí, kí ẹ máa fi ike ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀.

Ẹ há gọ́ọ̀mù àtijọ́ àti fóòmù kíkú kúrò pátápátá, torí ẹni tó lẹ nǹkan mọ́ ìyẹ̀fun kò tíì lẹ nǹkan kan. White spirit (omi tí wọ́n fi ń fọ ọ̀dà) dára lórí irin. Ẹ má jẹ́ kí acetone tàbí tínà kan vinyl, wọ́n á yọ́ ọ. Níbi tó bá ti dógùn-ún, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́ títí irin á fi dán, kí ẹ kun práímà, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Gọ́ọ̀mù á ká práímà tútù sókè.

Lẹ́yìn náà, ẹ kun gọ́ọ̀mù kọ́ńtáàtì fẹ́ẹ́rẹ́ sí ojú méjèèjì. Ẹ dúró bíi ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹ fi ẹ̀yìn ìka kàn án: tí kò bá lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, ó ti tó àkókò. Ìkánjú níbí ló ń bí ìléròrò tuntun. Ẹ tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí pẹ̀lú rólà. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ lo ìbòmú tó ń gba èéfín, kí iná má sì sí nítòsí.

Gọ́ọ̀mù wo?

Èyí tó wà nínú agolo tí wọ́n ń fín sí gbogbo nǹkan, tó ń lẹ bébà àti fóòmù, kò tó ibí yìí. Ó ń já nínú ooru. Ẹ wá kọ́ńtáàtì tí wọ́n kọ vinyl sí lára, tó sì sọ pé òun lè gba ooru 80°C ó kéré tán. Lítà kan tó ojú ìwọ̀n mítà onígun 2 tí ẹ bá kun ojú méjèèjì. Èyí tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn kì í fò kiri bí èyí tí wọ́n ń fín, ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Vinyl tuntun tàbí kíìtì

Fún òkè táyà, ẹ ra èyí tó ní aṣọ híhun lẹ́yìn tó sì ń fà sí ọ̀nà mẹ́rin. Ẹ di igun rẹ̀ mú, kí ẹ fà á ní òró àti ní ìbú kẹ́ ẹ tó sanwó. Fífẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 137 cm. Mítà kan àbọ̀ tó òkè táyà méjèèjì, tó sì fi àyè sílẹ̀ fún àṣìṣe. Ẹ fi 15 mm sílẹ̀ fún ìṣẹ́po etí.

Kíìtì ti gé, nígbà míì ó ti rán. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n fi ooru mọ ọ́n ni àbí wọ́n kàn gé e pẹlẹbẹ, torí orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́ lójú ọjà. Wọ́n ṣe MGB láti 1962 títí di 1980, inú rẹ̀ sì yí padà lẹ́ẹ̀mẹ́lòó kan, nítorí náà ọdún ọkọ̀ àti ẹ̀gbẹ́ tí sítíà wà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ. Àwọ̀ tuntun kì í bá ti àtijọ́ mu. Ẹ fi wé ibi tí oòrùn kò dé, bí ẹ̀yìn ìgbọ́wọ́lé ilẹ̀kùn.

Tó bá jẹ́ ilẹ̀kùn ló wú, ẹ wo ọ̀rá tó wà láàárín irin àti pánẹ́ẹ̀lì kẹ́ ẹ tó dá a padà. Tó bá ti ya tàbí tí kò sí, ẹ gé tuntun, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú téèpù butyl (téèpù bíi rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi kọjá), kí ẹ sì fi etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bọ inú ihò ilẹ̀kùn, kí omi lè máa sàn padà sínú irin dípò kó wọ inú pákó.