Dókítà méjì ni mo rí kí n tó gbà kí wọ́n fi abẹ kan ikùn mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí nípa iṣẹ́ abẹ ikùn (tummy tuck) tí mo ṣe, ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá báyìí, mo lè wá sọ ọ́ dáadáa. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, lẹ́yìn ìkẹta ni ikùn mi ò padà mọ́, awọ ẹ̀ sọ̀ sílẹ̀, wọ́n á ní ṣé oyún tún ti dé ni, ó sì máa ń dùn mí dọ́kàn.

Instagram ni mo ti rí dókítà tí mo kọ́kọ́ lọ bá. Ẹ gbọ́ ná, mi ò tíì jókòó dáadáa tó ti ní lipo ni, pé tí àwọn bá ti fa ọ̀rá yẹn jáde ó parí, kò ní kí n dìde, kò fọwọ́ kan ikùn mi, kò bi mí pé oògùn wo ni mò ń lò. Ọmọbìnrin kan ló bá mi sọ ìyókù, ó ní tí mo bá sanwó lọ́jọ́ yẹn wọ́n á dín in kù fún mi. Mo bi í pé ibo ni ọ̀gá wọn ti kọ́ṣẹ́ yìí, ló bá nawọ́ sí ìwé ẹ̀rí kan tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri. Mo sún mọ́ ọn kà á. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta ló wà lórí ẹ̀! Ara mi bù máṣọ, mo gbé báàgì mi mo jáde.

Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ní orílẹ̀-èdè tó pọ̀, dókítà èyíkéyìí tó bá ti ní láísẹ́ńsì lè pe ara ẹ̀ ní cosmetic surgeon, ìyẹn oníṣẹ́ abẹ ẹwà. Plastic surgeon (oníṣẹ́ abẹ tó ń tún ẹ̀yà ara ṣe) tó kọ́ ọ yanjú lọ́tọ̀, ọdún gbọọrọ ló fi kọ́ iṣẹ́ abẹ lẹ́yìn tó ti di dókítà tán, ó sì ṣèdánwò níwájú ìgbìmọ̀. Ní Amẹ́ríkà, American Board of Plastic Surgery ló ń fún wọn níwèé, ní Bìríténì ẹ wá orúkọ ẹ̀ nínú specialist register, ìwé orúkọ àwọn dókítà onímọ̀ pàtàkì, ti GMC, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀ níbẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa rí méjèèjì, ọ̀fẹ́ ni.

Ti dókítà kejì, mo ti rí orúkọ ẹ̀ nínú irú ìwé orúkọ bẹ́ẹ̀ kí n tó pè é. Ó ní kí n dùbúlẹ̀ kí n gbé orí nìkan sókè, ó fi ìka tẹ àárín ikùn mi, ìka mẹ́ta wọlé síbẹ̀ gbọrọgbọrọ. Ó ní ẹran ikùn mi ti yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ látìgbà oyún, lipo ò lè so ó pọ̀, kò sì lè ká awọ tó ti sọ̀, ńṣe ló máa tún jọwọlọ sí i. Ẹ wò ó, ká ní mo ti sanwó lọ́hùn-ún ńkọ́! Ó bi mí ṣé mò ń mu sìgá, torí ẹni tó bá ń mu ún gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú kí ọgbẹ́ tó lè jiná dáadáa, ó bi mí ṣé ẹ̀jẹ̀ ti dì sí ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀ rí nílé wa, ṣé àpá mi máa ń wú, ṣé mo ṣì fẹ́ bímọ. Ó wá mú bírò, ó fa ìlà láti ìbàdí dé ìbàdí níwájú dígí, ó ní, "Ibi tí àpá máa wà nìyí, ṣé ẹ lè gbà á?"

Èmi náà bi í léèrè: mélòó lẹ ṣe lọ́dún tó kọjá, ta ló máa fún mi lábẹ́rẹ́ oorun, ọsibítù wo ló gbà yín láyè láti ṣe é? Ó dáhùn gbogbo ẹ̀. Ó tún sọ ti ẹnì kan tí ojú ọgbẹ́ ẹ̀ ṣí àti bó ṣe tọ́jú ẹ̀, fótò tó fi hàn mí sì jẹ́ ti ọdún kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, iná kan náà, ìdúró kan náà. Ibẹ̀ gan-an ni ọkàn mi ti balẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan fẹ́ ṣe BBL, ìyẹn kí wọ́n fa ọ̀rá láti ibòmíì lára kí wọ́n fi kún ìdí, mo ní kó bi dókítà ẹ̀ ibi tó ń gún ọ̀rá sí o, torí tó bá wọnú ẹran ìdí, ó lè bá iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ti pa èèyàn. Abẹ́ awọ nìkan ló yẹ kó wà.

Ibi tí ọ̀dọ̀ dókítà kejì tó ṣe é fún mi kù sí: òru ọjọ́ kẹta, rọ́bà tó ń fa omi ọgbẹ́ mi dí, mo pe fóònù wọn lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó gbé e, ẹ̀rù sì bà mí gan-an. Dókítà fúnra ẹ̀ ló padà pè mí, tó ń kọ́ mi bí mo ṣe máa fi ìka méjì fún rọ́bà náà wá sísàlẹ̀ títí omi fi ń ṣàn. Mo sọ fún wọn nígbà tí mo padà lọ yọ ọ́, wọ́n ní àwọn ti fi nọ́mbà tòru kún un.