Memtest86+ ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ihò RAM ló bàjẹ́, kì í ṣe RAM

Bí láptọ́ọ̀pù yín bá ń kú lójijì, tí ojú rẹ̀ ń di búlúù, tó sì ń kọ MEMORY_MANAGEMENT, ẹ má tíì sáré lọ ra RAM (ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́) tuntun. Ẹ kọ́kọ́ gba Memtest86+, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yẹ RAM wò, sórí fláàṣì. Ọ̀fẹ́ ni, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà nípa rẹ̀.

Tòkunbọ̀ ni láptọ́ọ̀pù tèmi. Ihò RAM méjì ló ní, RAM DDR4 oní-8GB ló sì wà nínú ìkọ̀ọ̀kan. Bí mo bá tàn án, ó lè ka 16GB lónìí kó ka 8GB péré lọ́la. Ẹnjiníà tí mo gbé e lọ bá ní RAM kan ti kú, kí n mówó wá. Kò gbé RAM náà sínú ihò kejì wò rárá. Ìyẹn ló dùn mí, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Memtest86+ kì í ṣiṣẹ́ lábẹ́ Windows. Láti orí fláàṣì ló ti ń gbéra, nígbà tí Windows kò tíì jí, torí náà ó ráyè yẹ ibi tí Windows ìbá ti jókòó lé wò. Á kọ nǹkan sínú RAM, á kà á padà, á yí i sódì, á tún kà á. Ibi tí ohun tó kà kò bá ti bá ohun tó kọ mu, pupa ló máa yọ. Àyẹ̀wò tó bá Windows wá kò rí nǹkan kan lára tèmi. Eléyìí rí i. Láti ẹ̀dà 6.00 tó jáde lọ́dún 2022 ló ti ń gbéra lórí UEFI, ètò tó ń jí àwọn kọ̀ǹpútà ìwòyí. Mo ní láti pa Secure Boot ná, ìyẹn ààbò tí kì í jẹ́ kí ètò tí kò dá mọ̀ gbéra.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ó máa ń pẹ́, ẹni tí iná mọ̀nàmọ́ná ń mú lọ mú bọ̀ gbọ́dọ̀ fara balẹ̀. Kì í sì í sọ bóyá RAM ló bàjẹ́ àbí ihò. Ẹ̀yin lẹ máa wá ìyẹn fúnra yín.

Mo pa á, mo yọ ṣájà, mo yọ wáyà bátìrì kúrò lára bọ́ọ̀dù kí n tó fọwọ́ kan RAM. Lẹ́yìn náà mo dá RAM kọ̀ọ̀kan wò nínú ihò kìíní: kò sí pupa. Nínú ihò kejì, àwọn méjèèjì ló yọ pupa. RAM méjì tí ara wọn yá gágá níbì kan kò lè jọ ṣàìsàn níbòmíì. Ihò ni.

Eruku ọyẹ́ ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ẹsẹ̀ irin 260 tó ń kan inú ihò ni RAM DDR4 láptọ́ọ̀pù ní, ọ̀kan tí kò kan ara dáadáa ti tó láti da gbogbo rẹ̀ rú. Mo fi isopropyl alcohol (ọtí tí wọ́n fi ń nu ohun èlò) àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ inú ihò náà, mo jẹ́ kó gbẹ. Pupa dín kù, kò tán. Bí mo bá sì tẹ ara láptọ́ọ̀pù lókè ihò náà, á tún pọ̀ sí i. Lójú mi, òjé tó so ihò mọ́ bọ́ọ̀dù ló ti sán. Owó tí wọ́n pè fún pípààrọ̀ ihò kò bá iye tí láptọ́ọ̀pù náà tó mu mọ́.

RAM 16GB kan ṣoṣo ni mo rà sínú ihò kìíní. Ẹ mọ̀ pé RAM ẹyọ kan máa ń fa ọwọ́ àwòrán sẹ́yìn nínú géèmù àti àtúntò fídíò, pàápàá bí kò bá sí káàdì àwòrán ọ̀tọ̀. Ìwé ni mo ń tẹ̀, kò dí mi lọ́wọ́.